Gọ́ọ̀mù Tó Yẹ Ṣéènì Táńkì Àwòṣe: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Ẹni tó bá ń to táńkì ogun àwòṣe yóò rí i pé ara táńkì fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Ṣéènì tó fi ń rìn, irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ katapílà, ni wàhálà ibẹ̀. Tiger I ti Jámánì ní ojú ṣéènì (ìyẹn ẹyọ kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ di ṣéènì) 96 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Panzer IV ní 99, Sherman M4A1 ti Amẹ́ríkà ní 79, T-34 ti Soviet ní 72. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí ẹgbẹ́ méjì ni táńkì ní, kí ẹ wá ro iye ìgbà tí ẹ máa kan gọ́ọ̀mù lórí táńkì kan ṣoṣo.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń béèrè pé gọ́ọ̀mù wo ló dára jù. Ohun méjì ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò kí n tó dárúkọ ìgò kankan. Kí ni wọ́n fi ṣe ṣéènì náà? Báwo ló sì ṣe yẹ kó pẹ́ tó kí gọ́ọ̀mù ọ̀hún tó le? Ìbéèrè kejì yìí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi ara wọn. Níbi gbogbo lára táńkì, gọ́ọ̀mù tó tètè gbẹ là ń wá. Lórí ṣéènì, èyí tó ń fa ẹsẹ̀ ló ń ṣeni lóore, torí pé ṣéènì gbọ́dọ̀ ti lẹ̀ pọ̀ kó tó yí wílì ká, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ tíì le nígbà tí ẹ bá ń yí i.

Ẹ mọ ohun tó wà nínú páálí

Ṣéènì tó bá wà lára férémù ike, ìyẹn ọ̀pá ike tí àwọn ẹ̀yà táńkì máa ń so mọ́ nínú páálí, tó le, tó sì ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ara táńkì, ike polystyrene ni, ohun kan náà tí wọ́n fi ṣe ìyókù. Nígbà míì, ẹyọ ẹyọ ni gbogbo ojú rẹ̀. Nígbà míì, wọ́n á ṣe apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ní gígùn gbọọrọ, wọ́n á wá fi ojú ẹyọ ẹyọ sí kìkì ibi tí ṣéènì ti máa yípo. Gọ́ọ̀mù kan náà ni méjèèjì ń gbà.

Èyí tó jẹ́ ọ̀já gbọọrọ kan, tó rọ̀, tó sì ń nà díẹ̀, rọ́bà ni màá pè é níbí. Oríṣi méjì ló pín sí, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ sí wọn. Ti àtijọ́ jẹ́ fáínìlì, gọ́ọ̀mù ike (èyí tó ń yọ́ ojú ike kó lè lẹ̀ pọ̀) kò lè mú un láéláé. Ti ìsinsìnyí, bí irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Dragon ti Hong Kong ń pè ní DS, rọ̀ bákan náà, àmọ́ gọ́ọ̀mù ike mú un dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn páálí Tamiya tó jẹ́ tuntun. Ìwé tó wà nínú páálí sábà máa ń sọ èyí tó jẹ́. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ dán an wò. Ẹ kan gọ́ọ̀mù ike bín-ín-tín sí ìkángun ṣéènì, níbi tí ìdí kan ti máa bo èkejì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi orí igi ìtayín tẹ ibẹ̀. Bó bá ń fà mọ́ igi, ó gbà. Bó bá kàn gbẹ tí ibẹ̀ sì wà bó ṣe wà, fáínìlì ni, ẹ gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Onírin kì í ṣòro mọ̀: ó wúwo, ó funfun bí òjé, wáyà tínínrín sì máa ń bá a wá. Friulmodel ti Hungary ni ọ̀pọ̀ ń rà. Lẹ́yìn náà ló kan résíìnì, títí kan èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀. Ó dá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ jù, á kán pẹ́kí.

Oríṣi kan tún wà tó ń há mọ́ra wọn, tí oríkèé rẹ̀ á sì máa mì bíi ti gidi. Ilé-iṣẹ́ Meng ń ṣe irú rẹ̀. Lórí èyí, gọ́ọ̀mù tó dára jù ni èyí tẹ́ ò lò. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ìgò wo ló ń ṣe kí ni

Gọ́ọ̀mù ike kì í lẹ nǹkan pọ̀ bí gọ́ọ̀mù ìwé ṣe ń ṣe é. Ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì díẹ̀, wọ́n á wọnú ara wọn, nígbà tí omi rẹ̀ bá sì ti fẹ́ lọ tán, wọ́n ti di ike kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí kò fi ríṣẹ́ ṣe lórí irin, résíìnì tàbí fáínìlì: kò sí ohun tó lè yọ́ níbẹ̀. Ìdí náà nìyẹn tí kò fi mú ibi tẹ́ ẹ ti kun ọ̀dà sí. Ọ̀dà ló máa bá jà, kò ní dé ara ike.

Tamiya, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Shizuoka ní Japan, ló ṣe àwọn ìgò tí mo máa fi ṣàpẹẹrẹ, torí pé àwọ̀ ìdérí wọn mú kó rọrùn láti dá wọn mọ̀. Onídérí àwọ̀ ewé ni Extra Thin. Ó ṣàn bí omi, asitóònù àti butyl acetate ló wà nínú rẹ̀, búrọ́ṣì tínínrín sì wà lára ìdérí. Ẹ máa fi ojú méjì kanra ná, ẹ ó wá fi ẹnu búrọ́ṣì kan ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti pàdé, gọ́ọ̀mù á fúnra rẹ̀ sáré wọ inú àlàfo. Iṣẹ́ ìyanu kékeré nìyẹn lára ìbọn táńkì. Lórí ṣéènì ojú 72, á ti máa le lọ́wọ́ òsì kẹ́ ẹ tó dé ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tí wọ́n ń pè ní Quick Setting, tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, tún yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mr. Cement S ti GSI Creos náà, ìdílé kan náà ni wọ́n.

Onídérí funfun, Tamiya Cement lásán, ló yẹ kó wà lórí tábìlì ẹni tó ń to ṣéènì. Ó nípọn torí pé wọ́n ti yọ́ résíìnì sínú rẹ̀, ó dúró síbi tẹ́ ẹ fi í sí, ó sì pẹ́ kó tó le. Contacta Professional ti Revell, tó ní ẹnu abẹ́rẹ́ onírin, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹnu abẹ́rẹ́ yẹn sì dára púpọ̀ fún oríkèé kéékèèké. Bó bá jẹ́ onídérí àwọ̀ ewé nìkan lẹ ní, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò kékeré míì, kí ẹ gé àjẹkù férémù ike wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Á nípọn. Ẹ má ṣe é sínú ìgò tẹ́ ẹ rà, ẹ ó ba búrọ́ṣì rẹ̀ jẹ́ ni.

Súpà gúlù lẹ ti mọ̀. Harry Coover ti Eastman Kodak ló ṣàdéédéé rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́dún 1942, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1958. Omi tín-ín-tìn-tín tó wà lára nǹkan àti nínú afẹ́fẹ́ ló ń mú un le. Ó mú irin, ó mú résíìnì, ó mú ibi tí ọ̀dà wà. Àléébù rẹ̀ ni pé bó bá ti le, kò mọ títẹ̀; ohun tó bá ń rọ́ síwá sẹ́yìn á fọ́ ọ. Èyí tó ṣàn bí omi, bí irú tí wọ́n ń tà ní gbogbo kọ́rọ́ ọjà, wà. Èyí tó ki bíi jẹ́ẹ̀lì náà wà. Lórí ṣéènì, jẹ́ẹ̀lì ni.

Gọ́ọ̀mù aláwẹ́ méjì tẹ́ ẹ máa pò, bí Araldite, lágbára, ṣùgbọ́n ó ki jù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ lẹ́nu ṣéènì àyàfi bí irin kan bá ṣẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò wúlò fún ìdìmú fúngbà díẹ̀, torí pé omi lè tú u. Èyí tí àwọn tó ń ṣe bàtà ń lò ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ wọn. Ó ń fà bí okùn aláǹtakùn, omi inú rẹ̀ sì lè jẹ ike.

Títo T-34 olójú ẹyọ ẹyọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

T-34 ni mo yàn torí pé kò ní róla kankan lókè, ìyẹn wílì kékeré tó ń gbé ṣéènì òkè dúró. Wílì ńlá márùn-ún ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, orí wọn ni ṣéènì ń sùn lé nígbà tó bá ń padà síwájú. Bí ṣéènì òkè bá dúró gbọnrangandan láìkan wílì, ẹni tó mọ táńkì á ti mọ̀ láti ọ̀ọ́kán pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ.

Ẹ gé ojú ṣéènì kúrò lára férémù, kí ẹ fi abẹ àti sánpépà mú ibi tẹ́ ẹ ti gé e dán. Iṣẹ́ tó ń súni ni, kò sí ọ̀nà àbùjá. Ẹ wo inú ojú kọ̀ọ̀kan: bí ihò róbótó tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀ bá wà níbi tójú máa rí, gọ́ọ̀mù nínípọn tẹ́ ẹ fi àjẹkù férémù pò yẹn á dí i, ẹ ó sì ha á nígbà tó bá gbẹ. Ibi tí ilẹ̀ tàbí wílì máa bò, ẹ fi sílẹ̀.

Oríṣi ojú méjì ni T-34 ní: 36 tó ní eyín ńlá láàárín, àti 36 tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ń gba iwájú ara wọn ni, eléyín, aláìléyín. Wílì tó ń fa ṣéènì wà lẹ́yìn táńkì, kò sì ní eyín tirẹ̀. Róla kéékèèké mẹ́fà ló wà láàárín rẹ̀ tó ń gbá eyín ṣéènì mú. Nítorí náà, ẹ to bíi mẹ́wàá láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ gbé e yí wílì ẹ̀yìn yẹn ká, kí ẹ rí i pé eyín bọ́ sáàárín róla. Ẹ má tíì lẹ wílì ẹ̀yìn yìí mọ́ ara táńkì, ẹ má sì lẹ ti iwájú. Kí wọ́n máa yí, kí wọ́n sì ṣeé fà yọ. Àwọn wílì ńlá márùn-ún, ẹ lè lẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ gbé táńkì lé orí gíláàsì kí gbogbo wọn fi kan ilẹ̀ kó tó gbẹ.

Ní báyìí, ẹ fi pépà tépù tẹ́ rúlà irin kan mọ́ tábìlì. Ẹ tẹ́ pépà tépù míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ojú tó ń lẹ̀ wà lókè. Orí èyí ni ẹ ó to ojú ṣéènì sí, eyín lókè, ẹ̀gbẹ́ wọn sì kan rúlà kí ìlà wọn má wọ́. Tẹ́ ẹ bá ń fi ojúlówó ojú wò ó, ṣéènì tó bá wọ́ lórí tábìlì kò ní tọ́ mọ́ lórí wílì.

Ẹ má to gbogbo 72 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in sí méjì tàbí mẹ́ta, kí apá kan gba orí àwọn wílì kọjá títí yí wílì ẹ̀yìn ká, kí èkejì gba ìsàlẹ̀ yí ti iwájú. Gọ́ọ̀mù onídérí funfun lẹ máa lò. Búrọ́ṣì tó bá a wá tóbi jù, nítorí náà ẹ fi orí igi ìtayín bu ú, kí ẹ kàn án sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan lápá òsì, ẹ̀kán kan lápá ọ̀tún, kí ẹ sì ti ojú tó tẹ̀ lé e wọlé. Kó má kún àkúnya. Gọ́ọ̀mù tó bá ṣàn sórí tépù á yọ́ ojú ṣéènì, á sì fa àwòrán tépù sí i lára.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù wà. Bí ẹ bá gbé e kíákíá, á já sọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá pẹ́ jù, á ti le, nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń yí i mọ́ wílì, á ṣẹ́ ní oríkèé mẹ́rin márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú onídérí funfun, ìṣẹ́jú 20 sí 30 ló sábà máa ń gbà kó tó dé ibi tá à ń fẹ́. Pẹ̀lú onídérí àwọ̀ ewé, kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ má fi aago nìkan ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ fi ẹnu abẹ gbé ìkángun kan sókè díẹ̀díẹ̀, tó fi mọ́ ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá rọ́ bíi bẹ́líìtì awọ, tí oríkèé kankan kò là, àsìkò ti tó. Bí ẹ bá rí i pé gọ́ọ̀mù ṣì ń fà láàárín ojú méjì, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ẹ yọ ọ́ lórí tépù láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má fà á láti orí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti wílì ẹ̀yìn, níbi tí eyín ti gbọ́dọ̀ wọ àyè rẹ̀, kí ẹ wá máa tẹ́ ẹ lọ síwájú lórí àwọn wílì ńlá. Ẹ ṣe apá kejì bákan náà, kí wọ́n pàdé lábẹ́ táńkì, láàárín wílì méjì, níbi tí ojú kì í tètè dé. Bí ojú kan bá fẹ́ kù tàbí tó bá lé, ẹ rántí pé wílì iwájú ni àwọn ọmọ ogun fúnra wọn fi ń fún ṣéènì le tàbí dẹ̀ ẹ́. Páálí míì jẹ́ kí ẹ lè tì í síwá tàbí sẹ́yìn. Ẹ lò ó kí ẹ tó ronú àtiyọ ojú ṣéènì kan.

Kó tó le, ẹ fi ìka tẹ ṣéènì òkè kó sùn lé orí wílì kọ̀ọ̀kan, kó sì rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ láàárín wọn. Ẹ gé fóòmù wẹ́wẹ́, kí ẹ há a sáàárín ṣéènì àti mọ́gáàdì, kó lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òwú tí wọ́n fi ń nu etí náà ṣeé há síbẹ̀. Ẹ fi pépà tépù di èyí tó yí wílì iwájú àti ẹ̀yìn ká, kí ẹ sì fi táńkì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì ni iṣẹ́ onídérí àwọ̀ ewé tó wá dé. Ẹ tú fóòmù àti tépù kúrò, kí ẹ fi búrọ́ṣì tínínrín rẹ̀ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan láti inú, níbi tí kò hàn. Á sáré wọ ibi tí gọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ kò dé, gbogbo rẹ̀ á sì di ẹyọ kan. Ẹ ó rí i pé ìgò méjì la lò, ọ̀kan fún ìtẹ̀, ọ̀kan fún ìtìpa. Mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń fẹ́ fi ìgò kan ṣe méjèèjì.

Tí ẹ bá wá rọra fa wílì iwájú àti ẹ̀yìn yọ pẹ̀lú ṣéènì lára wọn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ yẹn á jáde lódindi, ẹ ó sì lè kun ún lọ́tọ̀.

Bí ṣéènì yín bá jẹ́ èyí tó ní apá gbọọrọ, iṣẹ́ ti dínkù. Ẹ lẹ apá ìsàlẹ̀ mọ́ wílì lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gba iwájú àti ẹ̀yìn gòkè pẹ̀lú ojú ẹyọ ẹyọ, kí apá òkè wá ṣe ìdérí. Wọ́n sábà máa ń ti ṣe rírọ̀ sísàlẹ̀ yẹn sára apá òkè, nítorí náà onídérí àwọ̀ ewé nìkan tó.

Rọ́bà

Bó bá jẹ́ èyí tí gọ́ọ̀mù ike mú, ẹ kàn án sí ìdí méjèèjì, kí ẹ fi bíńdà kékeré tàbí pẹ́ẹ̀gì aṣọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Fáínìlì ló lọ́rọ̀. Ó ní ihò lápá kan àti ìṣó rọ́bà kéékèèké lápá kejì. Ohun tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ń ṣe ni pé wọ́n á ki ìṣó bọ ihò, wọ́n á fi ojú síkúrúdíráfà àtijọ́ kan sórí iná, wọ́n á wá fi tẹ orí ìṣó kó yọ́ kó sì tẹ́. Kì í ṣe pupa ni irin gbọ́dọ̀ jẹ́, gbígbóná lásán ti tó. Ẹ ṣí fèrèsé, èéfín fáínìlì kì í ṣe ohun tá à ń fà símú. Bí ìṣó bá já, ẹ fi òwú dúdú rán an tàbí kí ẹ fi ẹnu sítépúlà dì í, kí ẹ fi oríkèé yẹn sábẹ́ mọ́gáàdì tàbí sábẹ́ wílì tó kanlẹ̀. Súpà gúlù nìkan níbẹ̀ kì í pẹ́: rọ́bà ń fà á, òun kò sì mọ fífà, á là lọ́jọ́ kan tẹ́ ò retí.

Níbi tí súpà gúlù ti wúlò lórí fáínìlì ni orí wílì. Ẹ kan jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sórí wílì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi fóòmù tẹ ṣéènì mọ́ ọn, kó lè sùn bíi ti gidi.

Ohun kan wà tí kò kan gọ́ọ̀mù tààrà. Epo tí wọ́n fi ń mú fáínìlì rọ̀ máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó sì lè jẹ wílì ike tó fara kàn án títí wílì á fi yọ́. Ẹ kun wílì yípo dáadáa kí ṣéènì tó kàn án. Bó bá sì jẹ́ páálí àtijọ́ tẹ́ ò tíì tò, ẹ yọ ṣéènì sínú ọ̀rá tirẹ̀.

Onírin, résíìnì àti àwọn tó ń mì

Ṣéènì irin, wáyà ló ń so ó pọ̀, gọ́ọ̀mù kàn wà láti má jẹ́ kí wáyà jáde ni. Ẹ fi dírílì tínínrín la ihò rẹ̀ bó bá dí, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, kí ẹ gé e kó ku bíi mìlímítà kan síta. Ẹ wá fi orí abẹ́rẹ́ kan súpà gúlù jẹ́ẹ̀lì sí mìlímítà tó kù yẹn, kí ẹ tì í wọlé. Èyí tó ṣàn bí omi ni kẹ́ ẹ sá fún níbí. Á bá wáyà wọlé, á dé oríkèé, ojú méjì tó yẹ kó máa mì á sì di òkúta. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ ri ṣéènì náà sínú asitóònù fún wákàtí mélòó kan, á tú. Irin ni, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ má dán irú rẹ̀ wò lórí ike.

Bí ẹ bá fẹ́ ri ṣéènì irin sínú oògùn tó ń sọ ọ́ di dúdú, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti búrọ́ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Ibi tí òróró ọwọ́ tàbí súpà gúlù bá wà kò ní dúdú, ẹ ó fi ọ̀dà bò ó.

Résíìnì, súpà gúlù náà ni, ẹ̀kán tín-ín-tín. Gọ́ọ̀mù ike kò ní ṣe é ní rere tàbí búburú.

Àwọn tó ń há mọ́ra wọn, tó ń mì, ni mo ní kẹ́ ẹ má fi gọ́ọ̀mù kàn. Ìdí ni pé onídérí àwọ̀ ewé kò mọ ibi tó yẹ kó dúró: àlàfo tó bá rí ló ń wọ̀, pín-ín-nì tó yẹ kó máa yí á sì lẹ̀ mọ́ ihò. Ṣùgbọ́n àwọn kan kò ṣeé ṣe láìlo gọ́ọ̀mù. Ṣéènì Sherman jẹ́ ọ̀kan: pákó rọ́bà tàbí irin ni ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irin kékeré ló sì so ọ̀kan mọ́ èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá ń lẹ irin ẹ̀gbẹ́ yìí, ẹ lo èyí tó nípọn, kó kan ojú tó yẹ kó kàn nìkan. Àwọn míì tiẹ̀ jẹ́ ike ABS dípò polystyrene, Tamiya sì ní ìgò kan tó wà fún ABS. Ẹ má wá ti ṣéènì Sherman mọ́lẹ̀ bíi ti T-34 o. Ti Sherman ń le ni, róla ló sì gbé e lókè.

Ooru, ọyẹ́ àti ìgò tó ṣí sílẹ̀

Ìṣẹ́jú tí mo dárúkọ lókè kì í dúró bẹ́ẹ̀ níbi tí ooru ti pọ̀. Lọ́sàn-án gangan ní Èkó tàbí ní Kutonu, tí fáànù sì ń fẹ́ sórí tábìlì, asitóònù á ti fẹ́ lọ kí igi ìtayín yín tó dé oríkèé kẹwàá. Ẹ pa fáànù tó kọjú sí tábìlì, kí ẹ máa to ojú mẹ́jọ mẹ́jọ dípò ìlàjì ṣéènì, tàbí kẹ́ ẹ fi ìdájí ṣe é. Òdìkejì ni ti súpà gúlù: nígbà òjò, omi inú afẹ́fẹ́ á mú un le kíákíá, á sì máa fi ẹfun funfun sílẹ̀ lára iṣẹ́, nígbà ọyẹ́, á falẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì pẹ̀lú ìdérí tó há pinpin, kí ẹ sì jẹ́ kó padà gba ooru yàrá kí ẹ tó ṣí i, kí omi má bàa sẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń bá ará ilé tó wà ní London tàbí Houston ra páálí, kó mọ̀ pé gọ́ọ̀mù ike, omi tó ń gbaná ni wọ́n kà á sí. Kì í wọ ọkọ̀ òfuurufú bí ẹrù lásán. Páálí lè dé kí gọ́ọ̀mù má dé. Asitóònù lásán tí àwọn tó ń ṣe èékánná ń tà kò lè rọ́pò rẹ̀, ó ń fẹ́ lọ kí ike tó wọnú ara wọn, ó sì ń ba ojú ike jẹ́. Ohun tó dára fún ni yíyọ súpà gúlù kúrò ní ìka.

Fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí, ìgò gbọ́dọ̀ jókòó sínú nǹkan tó wúwo kó má bàa dà. Bí iná bá lọ lójijì, ẹ dé ìgò kí ẹ tó wá ìmọ́lẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ náà má sì jẹ́ àbẹ́là.

Dídá ṣéènì padà lẹ́yìn ọ̀dà

Ọ̀dà ti wà lára gbogbo nǹkan báyìí, nítorí náà gọ́ọ̀mù ike ti kúrò lọ́rọ̀ àyàfi bí ẹ bá ha ọ̀dà kúrò níbi tí wọ́n ti máa pàdé. Fún wílì iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ ha orí áàsì wọn díẹ̀, kí ẹ kan onídérí funfun sí i, kí ẹ sì ti gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà wọlé lẹ́ẹ̀kan. Fún ṣéènì òkè, ẹ̀kán jẹ́ẹ̀lì súpà gúlù kan lórí wílì kejì, ọ̀kan lórí ẹ̀kẹta, ọ̀kan lórí ẹ̀kẹrin ti tó. Ẹ fi orí igi ìtayín kàn án láti inú, kó má bàa dán jáde síta. Ẹ dá fóòmù padà sábẹ́ mọ́gáàdì fún wákàtí kan. Ẹ wo táńkì láti ìsàlẹ̀, ní ìpele ojú, bóyá gbogbo wílì àti ṣéènì kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí igun kan bá gbé sókè, ẹ tètè tẹ̀ ẹ́ kí onídérí funfun tó le. Ìyẹn náà wà lára ìdí tá a fi lò ó.